Omi Tó Ki Nínú Ife Ọmọ Mi

Èmi fúnra mi ni mo gún iyán náà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí n má ṣe ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn á rò pé mo fẹ́ pa ìyá òun. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mi ò bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ iyán, kò sí ẹni tí yóò mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù ife omi.

Ìyá rẹ̀ yìí ni àkọ́bí mi. Tíṣà ni ní Ìkàrẹ́, ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó dé. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú, ó ṣú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún là. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni wọ́ igi ìdáná. Ìyẹn náà fi í sílẹ̀, ó tún padà wá. Bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀, bí ẹni tó ń fi wá ṣeré. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ ní ọsibítù ńlá kan, wọ́n pe àìsàn náà ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n gé kúrú sí lẹ́tà méjì, ẹ́ẹ̀mù àti ẹ́ẹ̀sì. Dókítà wo ojú mi, ó rí i pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, ó wá fi iná mànàmáná ṣàlàyé fún mi. Ó ní inú ara èèyàn kún fún wáyà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, sí ọwọ́, sí ojú àti sí ọ̀fun. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi ń ṣọ́ ara ọmọ mi ti ṣìnà, wọ́n ń họ rọ́bà ara wáyà náà jẹ. Ibi tí wọ́n bá ti họ ọ́, iná ibẹ̀ á máa ṣẹ́jú.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Jímọ́ ló máa ń dé, ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé e wá bá mi ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Èmi tí mo tọ́ ọ nígbà tí kò ní eyín, mo lè tún un tọ́.

Ní ọdún kẹrin àìsàn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bó bá mu omi. Oúnjẹ tó ti ń jẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí à ń jókòó tì títí a ó fi tún un gbé kaná lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń rù. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ sí ìgúnpá. Èmi sì ń wò ó, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ebi ló ń pa ọmọ yìí, oúnjẹ gidi ni kò rí jẹ.

Ìgbà tí iṣu tuntun dé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbóòórùn iṣu tí mo gbé kaná lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Màmá, iyán yín ń wù mí." Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó ń rù tí kò ní gbé ọmọ odó? Ní tiwa níbí, bí eegun ẹja bá há èèyàn lọ́fun, òkèlè iyán ńlá kan la máa ń ní kó gbé mì láìjẹ ẹ́, òkèlè náà á kó eegun lọ. Èrò mi ni pé ohun tó lè ti eegun, á ti ara rẹ̀. Iyán kò gba eyín. Iyán tèmi kì í sì í ní kókó, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Mo bu òkèlè tó kéré bí orí ìka, mo tì í bọ ọbẹ̀ ilá, mo fi ọwọ́ ara mi fi sí i lẹ́nu. Ìkíní lọ. Ìkejì lọ. Ìkẹta dúró.

Kò húkọ́. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ kàn là sílẹ̀ sí mi, ó fọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú. Èmi ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi, mo gbé ife omi sí i lẹ́nu, omi náà sì gba imú rẹ̀ jáde. Ọmọ ọmọ mi yìí ló sáré wọlé, ó tẹ ìyá rẹ̀ síwájú, ó ń gbá a láàárín ẹ̀yìn, ó ń gbá a, èmi ń pariwo pé kó má dá a léegun, títí iyán náà fi já bọ́ sórí ẹní. Ó funfun bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ fọ́.

A rò pé ó ti tán. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa igi lórí yanrìn. Ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́ la gbé e lọ. Wọ́n ní òtútù àyà ni, pé ohun tó yẹ kó lọ sí ikùn ló ya lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ mẹ́wàá la lò níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, dókítà pe èmi àti ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní rọ́bà kan wà tí àwọn lè gbà lára ikùn rẹ̀ fi sínú, oúnjẹ olómi á máa gba ibẹ̀ wọlé, kò ní í gba ẹnu mọ́.

Kò sọ ọ́ bí ìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kọ̀. Ọkọ ọmọ mi tẹrí ba. Ọmọ mi ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ débi pé a ní láti sún mọ́ ọn ká tó gbọ́.

"Dókítà, ẹsẹ̀ mi ti lọ. Ojú mi kan ń lọ. Iṣẹ́ mi ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu mi sílẹ̀ fún mi."

Dókítà fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní bó bá tún rù ju bó ṣe wà yìí lọ, tàbí tí òtútù àyà bá tún jókòó sí i lára, kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mọ́, nítorí ẹlẹ́ẹ̀kejì lè pa á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti gbin àgbàdo tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ ọmọ.

Obìnrin kan wà tó máa ń wá sí ọsibítù náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ohùn àti ọ̀fun àwọn aláìsàn. Wọ́n ní kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mo ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fún ọmọ mi jẹ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé ọwọ́ lérí.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Oríta kan wà lọ́fun. Ọ̀nà kan lọ sí ikùn, ọ̀nà kan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, géètì sì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Tiyín àti tèmi ń yára tì. Ti ọmọ yín ń pẹ́ kó tó tì. Omi ni ọ̀kadà. Kí géètì tó tì, ó ti kọjá. Iyán ni tírélà. Bó bá ti há sí oríta, kò sẹ́ni tó máa kọjá mọ́."

Mo bi í pé kí ló wá kù. Ó ní ohun tó ń rọra lọ, tó ń lọ pọ̀, tí kò tú ká, tí kò sì lẹ̀. Ó kà wọ́n fún mi. Kò gbọdọ̀ sí ìrẹsì, kò gbọdọ̀ sí gààrí, kò gbọdọ̀ sí búrẹ́dì. Ọbẹ̀ tó ní omi lọ́tọ̀ tó ní ẹran lọ́tọ̀ ló burú jù, nítorí omi á sá lọ kí ẹran tó dé. Omi lásán kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, àfi kí a mú un ki. Kó jókòó gangan, kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀, kó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì lórí síbí kan. Bó bá jẹun tán, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé. Ó ní ohun mìíràn wà tó ṣòro fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn síbí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ mi sọ̀rọ̀, kí n sì fetí sí ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà bá gbẹ, oúnjẹ ti gba ọ̀nà rere. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi, kí n dúró.

Ní ilé tèmi, ọmọ kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun. Mo ti fi ọmọ orógùn gbá gbogbo wọn lórí nítorí ẹ̀. Ọmọ mi náà rántí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kó sọ̀rọ̀ láàárín oúnjẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní fi nǹkan gbá mi?" Mo ní kó yé yọ mí lẹ́nu, kó sọ òmíràn.

A délé, mo sì jókòó sí ìdí ààrò bí ẹni tí kò se oúnjẹ rí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún. Ní báyìí ẹ̀kọ tí a ń fojú kéré ni mo ń bẹ̀. Ẹ̀kọ rọ̀, ó ń lọ pọ̀, kò lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí iyán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lójoojúmọ́, mo ń fi ọ̀rá wàrà sí i kó lè lágbára nínú.

Ẹ̀kọ nìkan kò ní mú ẹni tó rù sanra, ìyẹn ni mo fi gba ọ̀ọ̀lẹ̀ mú, èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní móínmóín. Mo bó ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Mo se ẹja àrọ̀, mo yọ eegun, mo gún un, mo sẹ́ òun náà, mo pò ó mọ́ ẹ̀wà náà kí n tó pọ́n ọn sínú ewé. Ata kò sí nínú ẹ̀ nítorí ata ń mú un húkọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi fọ́ọ̀kì wò ó, pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kó fọ́ wẹ́rẹ́ láìní kókó. Mo ra fọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń sọ òótọ́ fún mi. Mo máa ń fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á, bí ohun tó tó hóró iyanrìn bá wà nínú ẹ̀, mo ń padà sídìí asẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo ìgbà oúnjẹ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, síbí bí ogún, ọgbọ̀n. Bó bá ti gbé síbí mì, ojú mi á lọ sí gògóńgò rẹ̀, mo ń dúró kó gòkè, kó sọ̀. Bí kò bá tètè gòkè, èmi náà kì í mí. Lẹ́yìn náà á ní "à," tàbí á ní "Màmá," tàbí á pe orúkọ ọmọ kan tó kọ́ níwèé rí, mo ń gbọ́ ohùn, ohùn ń gbẹ, mo ń bu òmíràn. Bí a bá jẹun tán, ẹ̀yìn mi á ti tutù fún òógùn.

Omi ló kù. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ike ìyẹ̀fun kan tó ń mú omi ki, òkè òkun ló ti ń wá, ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ò sì rí i rà ní gbogbo Ìkàrẹ́. Mo sọ fún ara mi pé kí ni ògì wà fún. Mo ro ògì fẹ́lẹ́, mo pè é ní omi, mo ń fi síbí fún un. Ọjọ́ méjì, kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó kù bíi síbí mẹ́rin kó tán, ó húkọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tún húkọ́, ìsàlẹ̀ abọ́ náà ló tún jẹ́. Mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà síbi ìmọ́lẹ̀. Ògì tí mo bù níbi tó ki ti di omi ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Gbogbo ìyá tó ti fún ọmọ lógì rí ló mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, mi ò kàn ronú kàn án ni. Síbí tó bá ti wọ ẹnu tó tún padà sínú abọ́ ń gbé itọ́ lọ, itọ́ sì máa ń da ògì. Ọmọ ìkókó kò sí nínú ewu ẹ̀. Ọmọ tèmi wà nínú ewu ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fún un ní omi tó ń sáré, mo rò pé mo ń fún un ní èyí tó ki. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo ń bù sí abọ́ kékeré, síbí tó wọ ẹnu kì í padà sínú ìkòkò.

Ilá ni mo wá bá omi náà wá. Mo ronú pé ilá kì í dà nítorí itọ́, ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ ilá mọ̀ pé ó ń yọ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àwo. Mo rẹ́ ilá tútù sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo fún omi rẹ̀ jáde. Ó ki, ṣùgbọ́n ó ń fà. Bí mo bá gbé síbí sókè, okùn rẹ̀ ń bá mi bọ̀ láti inú abọ́. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi yà á ní fídíò ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pè, ó ní kí n má tíì fún un, pé èyí tó ń fà báyẹn, ìdajì á ti wọ ọ̀fun nígbà tí ìdajì ṣì wà lẹ́nu. Mo bomi là á. Mo tún bomi là á. Ìgbà karùn-ún ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu síbí, tó ń bọ́ tó, tó, tó, bí oyin tó tutù. Mo fún omi ọsàn sí i, mo tún sẹ́ ẹ. Mo ya fídíò. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín?" Mo ní ìyà ni.

Ọmọ mi mu ún. Ó ní "à." Ohùn rẹ̀ gbẹ. Ó wò mí, ó ní, "Ó dà bíi pé mo ń mu ikun imú." A rẹ́rìn-ín débi pé mo ní kó dákẹ́, kó má baà tìtorí ẹ̀rín há.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé láti Ìkáràm. Òun ló tọ́ ọkọ ọmọ mi dàgbà, ó sì fẹ́ràn ìyàwó wọn. Ó gbé iṣu àti epo wá. Mo ki í káàbọ̀, mo fún un lómi, mo ṣàlàyé fún un pé kó má fún aláìsàn ní nǹkan kan láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Mo lọ lọ ẹ̀wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo padà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, ife náà ti gbẹ.

Ó ní, "Àna, ẹ wá wò ó. Ó mu ún tán, kò húkọ́ rárá. Ṣé odò Ìwàrò ti gbẹ ni, tí ẹ fi ń fi omi du ìyàwó wa?"

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó ní "à." Ó ní "à." Ohùn náà tutù. Ó ń hó nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀. Mo ní kó húkọ́, ó gbìyànjú, ikọ́ náà kò lágbára. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ikọ́ ni ajá tó ń ṣọ́ ilé, ọjọ́ tí ajá bá sùn tí olè wọlé ni kí n bẹ̀rù jù. Mo sọ fún àna mi pé àìhúkọ́ yẹn gan-an ni ikú. Ó dìde. Ó ní àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ dé Ìkáràm pé mo ń fi ebi pa ọmọ mi, pé omi ilá ni mo ń fún un mu, pé àlejò tí a ò mọ̀ rí gan-an, omi la fi ń kí i, àm̀bọ̀sì ọmọ ẹni. Mo ní kó bi ọmọ náà léèrè bí ebi bá ń pa á.

Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má bá wọn jà, Màmá. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí omi tó tutù ti ṣàn nínú ọ̀fun mi. Ó wù mí ni."

Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí àna mi lọ. Mo jáde síta, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí inú mi fi rọ̀. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Pé kí ọmọ èèyàn má fẹ́ omi?

Ara rẹ̀ gbóná ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò rí. A gbé e dé Ìkàrẹ́. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lẹ́yìn, ó pẹ́ lórí apá ọ̀tún, ó ní òtútù náà ti ń wá ibi jókòó, kò tíì jókòó. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Kò yí ọjọ́ tó dá fún wa padà, ṣùgbọ́n ó ní ìkìlọ̀ nìyí, pé òun kò ní í ka òmíràn sí ìkìlọ̀.

Àna mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò retí pé kó bẹ̀ mí, a ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò padà sí Ìkáràm. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá aláìsàn, ó ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé málìtì àti omi inú ọ̀rá wá kí wa, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n mu ún níta kí wọ́n tó wọlé, kí òùngbẹ wọn má bàa ran ìyàwó òun. Wọ́n bínú. Ó ní kí wọ́n bínú dáadáa.

Ọjọ́ pé. A gba takisí kan, àna mi náà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wa, dírẹ́bà náà gbà láti dúró dè wá. Mo gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ àti omi ilá ọlọ́sàn sínú kúlà. Lójú ọ̀nà tí a ń gbé ọmọ mi lọ, ọkọ rẹ̀ tó ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ dì í mú níbi tí kòtò bá ti pọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n. Mi ò mọ nọ́ńbà, nítorí náà ojú nọ́ọ̀sì ni mo ń kà. Ojú nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan. Dókítà fi etí sí àyà rẹ̀ níwájú, ó fi sí i lẹ́yìn, ó ní kó mí, kó tún mí. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó jẹun kí òun máa wò ó.

Mo tú ewé. Dókítà fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ náà, ó wò ó, ó bi mí pé ẹ̀wà ni àbí. Mo ní ẹ̀wà ni, ẹja sì wà nínú ẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń wá ẹja náà.

Síbí àkọ́kọ́ lọ, ó ní "à." Ìkejì lọ. Ìkẹta lọ. Ìkẹrin wọ ẹnu rẹ̀, gògóńgò rẹ̀ kò gòkè.

Ojú ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo sì mọ ojú yẹn, mo ti rí i rí lórí ẹní mi. Ife omi kan wà lórí tábìlì dókítà. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ gbogbo ohun tí mo kọ́ tó, ọwọ́ mi kò kọ́ ọ, ohun tí ìyá mi fi sínú ọwọ́ náà ló ń ṣe. Àna mi ló gbá ọrùn ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Ó dì í débi pé ó dùn mí. Kò wò mí, ọmọ ló ń wò.

Nọ́ọ̀sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Rẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Má bẹ̀rù. Gbé e mì. Tún un gbé mì."

Gògóńgò náà gòkè. Ó sọ̀. Ó tún gòkè.

Nọ́ọ̀sì ní kó sọ nǹkan kan. Ọmọ mi mí sínú, ó ní, "Dókítà, bí ẹ bá ń wò mí báyìí, ojú á máa tì mí." Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pẹ́ lóòrùn. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí ògiri.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní kò sanra, àmọ́ kò rù sí i, àyà rẹ̀ sì mọ́. Ó ní ká máa bá ẹnu lọ, ká padà wá ní oṣù mẹ́ta. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n má tíì dúpẹ́. Ó ní àìsàn yìí kò dúró lójú kan, ọjọ́ kan lè dé tí ọwọ́ mi àti asẹ́ mi kò ní í tó, òun kò sì fẹ́ ká ṣe bíi pé òun kò sọ ọ́. Mo wo ọmọ mi. Mo rò pé yóò tún sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ọjọ́ náà kọ́ nìyí."

Nígbà tí a jáde, ebi ń pa á. Síbí mẹ́rin kì í ṣe oúnjẹ. Ìbẹ̀rù ti lo gbogbo okun inú rẹ̀. A gbé e jókòó gangan sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá géètì, ọkọ rẹ̀ fi àyà ti ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ kan tán. Ó mu omi rẹ̀. Oòrùn ti dé àtàrí.

Dírẹ́bà takisí wá bá wa, ó ní ó ti tó ká máa lọ, pé a ti jẹun tán. Mo ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wa kò tíì pé. Ó lọ, ó tún padà wá. Ó bi wá pé kí gan-an la ń dúró dè, pé òun kò rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀.

Àna mi ló dá a lóhùn láìyíjú. "Oúnjẹ tó jẹ kò tíì délé. Lọ pa ẹ́ńjìnnì ẹ."

Ó lọ pa á.